Kóòtù Tó Wà Lórí Ìjókòó Norris

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, gbogbo Sátidé tí Hadderby Town bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ni Norris Whitaker máa ń jáde ní aago méjì, tó máa rìn dé pápá Mill Lane, tó sì máa yí pápá náà po títí eré yóò fi parí. Kì í wọlé. Èmi ni mò ń wa bọ́ọ̀sì nọ́ńbà kẹrìnlá tó ń gba ẹ̀yìn pápá kọjá, Sátidé tí iṣẹ́ bá sì bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo máa ń rí i látorí ìjókòó mi: fìlà pẹlẹbẹ lórí, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, ó tẹ orí sápá kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Bí mo bá lọ títí dé ibùdókọ̀ ìgbẹ̀yìn tí mo tún padà, yóò ti bọ́ sí apá kejì, yóò ṣì máa rìn. Ìdí rẹ̀ ò gbé ibì kan. Ká ní wọ́n ń sanwó fún ìrìn ni, Norris ì bá ti ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀.

Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ṣe mẹkáníìkì ní gáréèjì bọ́ọ̀sì wa kó tó fẹ̀yìn tì, etí rẹ̀ sì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Norris kì í ṣí ẹ́ńjìnnì kó tó gbọ́ ọ. Yóò ní kó o tan ọkọ̀, yóò dúró tì í, yóò dijú, yóò sì sọ pé, "Bẹ́líìtì ni," tàbí pé, "Ẹni tó tún èyí ṣe kẹ́yìn, ẹ gba spánà lọ́wọ́ rẹ̀." Ní gbogbo ọdún tí mo fi bá a ṣiṣẹ́, n ò rí i kó ṣì í gbọ́ rí.

Òun ló mú mi mọ Mill Lane. Ìgbà òtútù ni mo dé ìlú yìí, ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi sọ ju "káàárọ̀" lọ ní gáréèjì. Norris ló kọ́kọ́ wá bá mi.

"Ṣé o mọ bọ́ọ̀lù, ọmọ mi?"

Mo ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, ta ni kò mọ bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wá ní Sátidé, kó o wá wo ohun tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù."

Mo lọ. Wọ́n nà wá ní mẹ́rin sí òdo, òjò pa wá, mo jẹ páì ẹran tó jó mi lẹ́nu, n ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ má bi mí nídìí. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò tíì mú, bí mo ṣàlàyé di ọ̀la kò ní yé e.

Àwa mẹ́ta la jọ máa ń jókòó, ní ìlà kẹfà lábẹ́ òrùlé onípákó. Èmi lọ́tùn-ún, Norris láàárín, Wilf Barraclough lósì. Alápatà ni Wilf kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án ju Norris lọ, àdúgbò kan náà ni wọ́n sì ti dàgbà. Ilé mẹ́rin péré ló wà láàárín ilé wọn títí dòní. Wilf ló kọ́kọ́ fa Norris lọ́wọ́ wá sí Mill Lane nígbà tí Norris wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, láti ìgbà náà wọn ò jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Èmi nìkan ni mò ń pe Wilf ní Bàbá. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní òun ò bí ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, bí mo bá gbàgbé tí mo pè é lórúkọ, á ní ta ni mò ń bá wí.

Nígbà tí awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú Wilf, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù di òjìji lójú rẹ̀, Norris bẹ̀rẹ̀ sí í sọ eré fún un. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. "Bọ́ọ̀lù wà lápá òsì. Ó fún ọmọ kékeré yẹn. Ọmọ kékeré yẹn ti sọ ọ́ nù, kó yáa máa lọ sílé." Ọdún mẹ́ta ni Wilf fi etí ọ̀tún wo bọ́ọ̀lù, kò sì ráhùn.

Lẹ́yìn náà ni Lomax dé. Ọkùnrin kan láti gúúsù ni, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló fi lówó, ó sì ra Hadderby Town bí ẹni ra bàtà láìwọ̀n ọ́n wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ta aṣọ́lé wa àti àwọn méjì tó ń gbá góòlù wọlé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́rin ló lò nínú ọdún kan ṣoṣo. Ìkẹta ò tíì mọ ibi tí ilé ìtọ̀ wà tí wọ́n fi lé e. Ó yọ Marlene kúrò lójú fèrèsé tó ti ń ta tíì fún wa láti ogún ọdún, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn fún un pé kó lọ máa ṣọ́ géètì. Ìlú ahunṣọ ni Hadderby, Ahunṣọ ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wa, ọ̀kọ̀ ìhunṣọ ló sì wà láyà aṣọ wọn láti ayébáyé. Lomax yọ ọ́, ó fi mànàmáná síbẹ̀. Mànàmáná wo ló kàn wá? Òjò lásán la ní. Nígbà tí oṣù kẹrin fi máa parí, a ti já láti líìgì kẹta bọ́ sí ìkẹrin. Mo rí àwọn àgbà ọkùnrin tí omi ń bọ́ lójú wọn lórí ìdúró, èmi náà sì sunkún tèmi sínú ife tíì.

Ní oṣù kẹfà, àwọn alátìlẹ́yìn pe ìpàdé ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bíà wà níbẹ̀, ìbínú wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì bá sì jọ bí, ẹni tó sọ ọ́ ló máa tọ́ ọ. Norris dìde. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láwùjọ.

"Ẹ gbọ́ mi," ló wí. "Níwọ̀n ìgbà tí Lomax bá ṣì ni ẹgbẹ́ yìí, pẹ́nì mi kan ò ní wọ àpò rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò sì ní gba géètì yẹn wọlé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ó tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó búra tẹ̀ lé e. Wilf nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Olówó mẹ́sàn-án ni mo ti rí tó ra ẹgbẹ́ yìí," Wilf wí láti orí ìjókòó. "Olè ló pọ̀ nínú wọn. Wọ́n wá, wọ́n lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, Norris. N ò ní àkókò tí màá fi dúró de ìkẹwàá."

"Kò burú, lọ bá a jókòó."

"Ìwọ ni mo fẹ́ bá jókòó, òmùgọ̀."

"O ti gbọ́ tèmi."

Ẹyin lohùn. Bí wọ́n ṣe lo oṣù mọ́kànlá láìkí ara wọn nìyẹn, ilé mẹ́rin láàárín wọn. Bí wọ́n bá gbé ìdọ̀tí síta láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọ̀kan á kọ ẹ̀yìn sí èkejì. Àwọn ọgọ́rùn-ún tó búra ńkọ́? Nígbà tí líìgì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, wọ́n ti ku méje. Nígbà tí òtútù dé, ó ku Norris.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, Wilf bọ́ kóòtù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó Norris. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún fún ìjókòó méjì. Ọkùnrin kan dé, ó bi í bóyá ẹnì kan ló nibẹ̀.

"Ó lọ tọ̀," Wilf wí.

Ohun tó sọ ní oṣù kẹjọ nìyẹn. Ohun kan náà ló sọ ní oṣù kejìlá, tí òun fúnra rẹ̀ jókòó nínú súwẹ́tà lásán, tí ètè rẹ̀ ti dúdú. "Ó lọ tọ̀. Ó ń bọ̀." Lọ́jọ́ kan ọkùnrin kan wò ó títí, ó ní, "Bàbá, mo bi yín nípa àga yìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ ní ó lọ tọ̀." Wilf ní, "Àgbà ti dé sí i. Kì í yára ṣe é mọ́."

Èmi wá di ẹni tó ń sọ eré fún un, n ò sì mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ta ló ní bọ́ọ̀lù?"

"Èyí tó ga yẹn, Bàbá."

"Gbogbo wọn ló ga, Bọ́sẹ̀dé. Èwo?"

"Ó ti fún ẹlòmíràn báyìí."

"Ta ni ẹlòmíràn?"

Bí mo bá fi máa rí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ, bọ́ọ̀lù á ti jáde. Wilf á mí kanlẹ̀, á fọwọ́ kan kóòtù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti Norris níta, kò pàdánù nǹkan kan. Bó ṣe ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ló ṣe ń gbọ́ pápá. Bí mo bá dúró ní ibùdókọ̀ ẹ̀yìn pápá, á wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, á ní, "Kọ́nà ni wọ́n gbá yẹn. Wọn ò rí i lò." Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bó bá jẹ́ kọ́nà, ariwo á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí omi tó fẹ́ hó, á sì wálẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá lu òpó, igbe kúkurú kan ni, bí ẹni fi ìka ẹsẹ̀ kọ òkúta. Góòlù tiwọn, igun àwọn àlejò nìkan lá pariwo. Góòlù tiwa, ilẹ̀ á ti gbọ̀n kí ohùn tó dé.

"Ẹ kúkú wọlé," mo wí.

"Wa bọ́ọ̀sì ẹ lọ, ọmọ mi. O ti pẹ́ ìṣẹ́jú méjì."

Á rìn díẹ̀, á tún padà wá.

"Kí ló dé tí kì í wọ kóòtù? Mo rí i tó ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé e kọ́ apá, ó ń gbọ̀n."

"Ẹ lọ bi í."

Á kọjú sí ògiri, á máa lọ. Orí mi gbóná sí àwọn méjèèjì. Bó bá ṣe pé ọmọdé ni wọ́n, mi ò bá ti gbá wọn létí kí n sì ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni, ṣùgbọ́n lọ sọ ìyẹn fún ọkùnrin ìlú yìí tó ti dúró láàárín èrò tó sì ti sọ̀rọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ tó sì ti ní kò rọ̀, á tutù kú síbẹ̀ ni.

Ohun tó tún wá mú kó le ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. Lomax gba akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tí kò lókìkí nítorí pé owó rẹ̀ kéré, ọmọkùnrin náà sì mọ iṣẹ́. Láti oṣù kẹwàá lọ, a gbá eré mọ́kànlá láìpàdánù. A di ìkẹfà, a di ìkẹrin, a di ìkẹta, ẹgbẹ́ mẹ́ta tó bá sì wà lókè ni yóò gòkè padà sí líìgì kẹta. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì mi, àwọn tó kù á máa wò ó bí ẹni pé ó tutọ́ sílẹ̀. Adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí a bá borí, ẹ̀rù á bà wá. Bí a bá ta ọ̀mì, a ò ní sùn. Norris wá ń rìn kíákíá sí i, débi pé ó pàrọ̀ bàtà ní oṣù kìíní.

Ní oṣù kejì, mo fi ọkọ̀ mi gbé Wilf lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ṣí awọ kúrò lójú rẹ̀. Nígbà tó tún wá sí Mill Lane, ó jókòó, ó wo pápá fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé bí koríko yìí ṣe tutù yọ̀yọ̀ nìyí láti ọjọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọmọ tó wọ nọ́ńbà keje yẹn, ó ti sanra jù." Ó fẹnu sí mi létí. "Bọ́sẹ̀dé, o ò gbọdọ̀ sọ fún Norris pé mo ti ń ríran."

"Kí ló dé?"

"Ojú mi nìkan ló kù tó lè mú un wọlé. Tó bá mọ̀ pé mo ríran, kò sí ohun tó tún máa wá ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Mo ṣèlérí. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo ṣèlérí.

Báyìí la ṣe dé Sátidé tó kẹ́yìn, ní oṣù karùn-ún. Àmì kan ṣoṣo la fi ju Barnsfold tó wà ní ipò kẹrin lọ. Bí a bá borí, ó parí, a gòkè. Bí a bá ta ọ̀mì, àfi kí Barnsfold má borí níbi tí wọ́n ti ń gbá tiwọn. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Pápá kún fọ́fọ́, àwọn tí kò wá látìgbà tí a ti já wálẹ̀ gbé ọmọ lé èjìká dé. Obìnrin kan tọ́ka sí ìjókòó Norris.

"Ó lọ tọ̀," Wilf wí. Ohùn rẹ̀ ò le tó ti tẹ́lẹ̀.

Ìdajì àkọ́kọ́ parí ní òdo sí òdo. Àwọn tiwa ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó wọ bàtà àyálò. Kò sẹ́ni tó jókòó dáadáa. Gbogbo ìlà kẹfà ń mi ẹsẹ̀. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹnì kan tó fi rédíò sétí dìde, ó ní wọ́n ti gbá góòlù sí àwọ̀n Barnsfold. Ọ̀rọ̀ náà gba orí ìlà kọjá, gbogbo pápá bú sáriwo, àwọn ènìyàn sì ń fò lórí pákó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níta ní àkókò yẹn, Marlene ló sọ ọ́ fún mi. Norris wà nítòsí géètì rẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀n, ohùn dé. Norris bọ́ fìlà, ó jù ú sókè, ó gbá Marlene mọ́ra pẹ̀lú aṣọ ọsàn rẹ̀. "A ti gbá a wọlé," ló ń wí. "A ti gbá a wọlé, Marlene. Mo gbọ́ ọ."

"Norris," Marlene wí, "a ò gbá nǹkan kan wọlé. Àwọ̀n Barnsfold ni wọ́n gbá a sí, níbi tí wọ́n ti ń gbá tiwọn."

Marlene ní ńṣe ló wo òun bí ẹni pé òun sọ fún un pé wọ́n ti ta ilé rẹ̀. Ó mú fìlà nílẹ̀, ó gbọn ún, kò sì dé e. Ó wá jókòó lórí ògiri kékeré tó wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹjọ, wọn ò rí i kó jókòó níta pápá rí.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ṣí àwọn géètì ńlá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí àwọn tó ń kánjú lè máa lọ. Lójú wa níbí, géètì tó ti ṣí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé wo ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́. Wilf rí i láti ìlà kẹfà. Ó dìde, ó sì mú kóòtù.

"Mú mi jáde."

"Bàbá, gbogbo ọdún la fi dúró de ìṣẹ́jú yìí."

"Mo mọ̀. Mú mi jáde."

Inú bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo di apá rẹ̀ mú, a sọ̀kalẹ̀, ariwo ń lọ lẹ́yìn wa, mo sì ń wo ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbésẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé géètì, ọkùnrin tó ti ka nọ́ńbà lẹ́yìn aṣọ gbogbo láti oṣù kejì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ó ń na ọwọ́ síwájú. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ sunkún.

Norris rí wa, ó sì dìde.

"Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ wá ṣe níta?"

"N ò rí nǹkan kan níbẹ̀," Wilf wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá Norris sọ nínú oṣù mọ́kànlá nìyẹn. "Ọmọ yìí ò mọ eré sọ. Mo kúkú fẹ́ wá bá ẹ gbọ́ ọ níta."

"Ìbúra ni mo bú, Wilf."

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tó o bú u. Ṣé mo ní kó o wọlé ni? Sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún mi."

Norris tẹ orí sápá kan. Ohùn gòkè nínú pápá, ó dúró, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

"Fìríkíìkì ni," ó wí. "Tiwa." Ó tún gbọ́. "Tàbí ẹnì kan ló ṣubú." Ẹnì kan fọn fèrè, àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń hó. Norris dijú. Ó pẹ́ kó tó là á.

"N ò mọ̀," ló wí.

N ò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, bóyá nípa ẹ́ńjìnnì tàbí nípa ohunkóhun. Wilf ṣáà dúró, kóòtù lọ́wọ́, ó kọjú sí ògiri bí afọ́jú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Norris wo géètì tó ṣí sílẹ̀. Ó wo Wilf. Ó dé fìlà rẹ̀, ó di ìgunpá Wilf mú, ó ní, "Rọra o, ìgbésẹ̀ wà níbẹ̀," wọ́n sì kọjá. Marlene kọjú sí títì títí wọ́n fi wọlé tán.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù nígbà tí a jókòó. Norris jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, ọkùnrin tó wà ní ìlà karùn-ún bojú wẹ̀yìn, ó rí i, ó ní, "Ìtọ̀ yẹn mà pẹ́ o." Norris ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Bọ́ọ̀lù wà láàárín. Nọ́ńbà keje ló gbé e, ó ti sanra. Ó fún ti òsì. Ti òsì ń sá, ó ń sá, ó ti dé igun. Wọ́n ti lé e jáde. Kọ́nà, Wilf. Wọ́n ń gbá a bọ̀." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó yá, ó rí bó ṣe rí látijọ́, gbogbo ara mi sì rọ̀. Ó kan jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ò dákẹ́.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, bọ́ọ̀lù bọ́ sẹ́yìn àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wọn, nọ́ńbà kẹsàn-án wa sá jáde, ó sì gbá a sínú àwọ̀n. Pápá fò sókè. Norris fò sókè. Èmi náà fò, páì ẹnì kan sì dà sí mi lọ́rùn. Láàárín gbogbo wa, Wilf nìkan ló jókòó.

"Ọ́fúsáìdì," ló wí. "Àsíá ti wà lókè."

Ní apá kejì pápá lọ́hùn-ún ni ẹni tó gbé àsíá wà, ibi tó jìnnà sí wa jù lọ. Àsíá sì wà lókè lóòótọ́. Ariwo kú díẹ̀díẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí i. Norris jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yíjú, ó wo ojú Wilf fún ìgbà pípẹ́, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kejì."

Norris yíjú sí mi. Mo tẹjú mọ́ koríko bí ẹni tó gbin nǹkan síbẹ̀. Mo mọ Norris. Mo ń retí kó dìde, kó gba géètì tó gbà wọlé padà, kó má sì bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀ títí ayé. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí àga iwájú. Ó wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé e wálẹ̀.

"Aṣọ́lé wọn ló gbé bọ́ọ̀lù," ló wí. "Ó ń fi àkókò wa ṣòfò. Ó ti gbá a báyìí, ó gba òkè. Tiwa ló fi orí kàn án."

Ó ń sọ ọ́ lọ, kò fo ohunkóhun. Wilf fẹ̀yìn tì, ó sì dijú.

Òdo sí òdo ló parí. A dúró nínú pápá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wa, kò sẹ́ni tó lọ, à ń dúró de rédíò. Barnsfold gbá méjì wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Wọ́n gòkè. Àwa di ìkẹrin. Ẹnì kan jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ìborùn bojú. Ó dùn mí wọ eegun. Síbẹ̀ kò tíì parí, nítorí àyè kan ṣì kù tí ìkẹrin títí dé ìkeje máa ń jà sí láàárín ara wọn, Ọjọ́bọ̀ ni tiwa sì máa wáyé, ní Mill Lane. Òru márùn-ún sí i láìsùn.

Pápá bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Norris ò dìde. Ó ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Géètì kì í tètè ṣí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn," mo wí. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. "Àfi kéèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì."

"Mo mọ̀," Norris wí. "Lomax ṣì wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀," Wilf wí. Ó gbé kóòtù lé orúnkún rẹ̀, ó ń wá apá ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń wo iwájú tààrà. "Ṣùgbọ́n títí Ọjọ́bọ̀, ojú mi ò tíì ní là."

Norris dé fìlà rẹ̀. Ó gba kóòtù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọn ekuru oṣù mẹ́sàn-án kúrò lára rẹ̀, ó sì fi wọ̀ ọ́ lápá kan, lẹ́yìn náà lápá kejì.

"Wọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ náà," ló wí. "Èmi ni mo máa jókòó sórí àga yìí."